Ọkọ̀ Pàjáwìrì Tó Ní Ilé Méjì

Kínìyẹn jí ní kùtùkùtù. Ó na apá, ó na ẹsẹ̀, ó yán. Ni ó bá gbọ́ ohùn kan lóde.

Pùù-pùù. Pùù-pùù.

"Kí nìyẹn?" ló bèèrè.

Ohun tó máa ń bèèrè nìyẹn láàárọ̀. Ohun tó máa ń bèèrè nìyẹn lọ́sàn-án. Kódà, tí oúnjẹ bá kún ẹnu rẹ̀, ó ṣì máa ń bèèrè. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Kínìyẹn. Orúkọ rẹ̀ gan-an, ilé-ìwé nìkan ni wọ́n ti ń rántí rẹ̀.

Ó sáré lọ sójú fèrèsé, pàtà-pàtà-pàtà.

Ọkọ̀ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó funfun bí ẹyin. Ìlà pupa kan yí i ká bí ìgbànú arẹwà. Iná búlúù wà lórí rẹ̀, ó ń dán bí ojú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ọkọ̀ náà rẹwà débi pé Kínìyẹn kò rántí bèèrè ohunkóhun mọ́.

Ta ló jókòó síwájú ọkọ̀? Bàbá ni. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ tuntun. Kọ́là rẹ̀ dúró ṣánṣán.

Ìyá dìde nídìí máṣínnì ìránṣọ. Ó rọra rìn jáde, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ikùn rẹ̀ ńlá. Ọmọ wà nínú ikùn náà.

Bàbá wo Ìyá, ojú rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Ìyá wo Bàbá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Màmá Àgbà ní kí wọ́n yéé wo ara wọn bí ọkọ ìyàwó àti ìyàwó, kí wọ́n yà, kí òun náà lè rí ọkọ̀.

"Ọkọ̀ pàjáwìrì ni," Bàbá sọ fún Kínìyẹn. Tí ẹnì kan bá ṣubú, ọkọ̀ náà á sáré dé. Tí àìsàn bá kọ lu ẹnì kan lójijì, ọkọ̀ náà á sáré dé. Á gbé onítọ̀hún, ó di ilé ìwòsàn.

Bàbá tẹ nǹkan kan nínú ọkọ̀.

Wìì-wọ̀ọ̀! Wìì-wọ̀ọ̀!

Adìẹ fò. Ológbò sá wọlé. Màmá Àgbà di etí rẹ̀. Kínìyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Ó jó yí ọkọ̀ náà ká. Lára ilẹ̀kùn kan, ó rí àwòrán igi. Ó mọ ìyẹn. Igi ni àmì ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn.

Lára ilẹ̀kùn kejì, ó rí àwòrán ẹja.

Ẹja kẹ̀? Ẹja ni àmì ìjọba ìbílẹ̀ tó wà lódìkejì odò. Kí ni ẹja ń wá lára ọkọ̀ wọn?

Bàbá jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbé Kínìyẹn lé orúnkún, ó ṣàlàyé.

Ó pẹ́ tí apá Igi ti fẹ́ ra ọkọ̀ pàjáwìrì. Ṣùgbọ́n owó apá Igi kò tó.

Ó pẹ́ tí apá Ẹja náà ti fẹ́ ra ọkọ̀ pàjáwìrì. Ṣùgbọ́n owó apá Ẹja kò tó.

Afárá kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Ni alága apá Igi bá rìn gun afárá láti ìhín. Alága apá Ẹja rìn gun afárá láti ọ̀hún. Wọ́n pàdé láàárín. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n mu omi, wọ́n tún sọ̀rọ̀.

Apá Igi san owó ọkọ̀ àti táyà. Apá Ẹja san owó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Báyìí ni àwọn aládùúgbò méjì ṣe di ọlọ́kọ̀. Ẹni tó bá ní orí pípé ló ń ro irú èrò bẹ́ẹ̀, Bàbá ní, ẹni tó bá sì ní ọkàn rere ló ń ṣe é.

Kínìyẹn gun inú ọkọ̀. "Kí nìyẹn?" Bẹ́ẹ̀dì tó ní táyà. "Kí nìyẹn?" Agolo afẹ́fẹ́, fún ẹni tí kò lè mí dáadáa. "Kí nìyẹn?" Kúbùsù, fún ẹni tí òtútù ń mú.

Ó ronú díẹ̀. Tí apá Ẹja bá wá kó nǹkan tiwọn lọ ńkọ́?

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní àpótí òfìfo tó ń sáré kiri ni yóò kù fún apá Igi. Bẹ́ẹ̀dì tó jókòó sínú oòrùn ni yóò sì kù fún apá Ẹja, kò ní mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Ọkọ̀ kan, ilé méjì. Yóò sùn ní apá Igi fún ọ̀sẹ̀ kan. Yóò sùn ní apá Ẹja fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn awakọ̀ méjèèjì yóò pàdé lórí afárá. Ẹni tó ń lọ sinmi yóò fi ọwọ́ méjèèjì gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹni tó ń bọ̀ wá síbi iṣẹ́.

"Ó di ọwọ́ yín," ni ẹni tó ń gbé e fúnni máa wí.

"Ó ti dé ọwọ́ wa," ni ẹni tó ń gbà á máa wí.

Bàbá ni awakọ̀ apá Igi. Aǹtí Jẹ́jẹ́ ni awakọ̀ apá Ẹja. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí pé bí o bá gbé ife omi sórí ẹsẹ̀ rẹ nínú ọkọ̀ rẹ̀, omi náà kò ní dà. Ó ń sáré o. Ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ ló fi ń sáré.

Inú gbogbo ènìyàn dùn.

Inú Kínìyẹn náà dùn, àfi ìgbà tó wo ikùn Ìyá.

Tí ọmọ bá fẹ́ jáde ní ọ̀sẹ̀ tí ọkọ̀ sùn sí apá Ẹja ńkọ́?

Àyà rẹ̀ lù. Gbì-gbì. Gbì-gbì.

Ilé ìwòsàn wà ní òdìkejì afárá. Afárá náà gùn. Ìyá kì í sì í lè rìn láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ìdí máṣínnì mọ́ kó má mí hẹlẹ-hẹlẹ.

Kínìyẹn bi Bàbá. Bàbá ní kó fọkàn balẹ̀, ibi yòówù kí ọkọ̀ sùn sí, yóò wá. Kínìyẹn ní ó dáa. Ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò gbọ́.

Gbì-gbì. Gbì-gbì.

Ọjọ́ Ajé dé. Bàbá wà nínú balùwẹ̀, ó ń kọrin ìfẹ́ kan tí kò mọ ìparí rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Kínìyẹn wo ọ̀tún. Kínìyẹn wo òsì.

Ó gun àpótí ìjókòó. Ó mú kọ́kọ́rọ́. Ó tì í bọ inú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó wọ bàtà lé e.

Bí kò bá sí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ kò ní lọ. Bí ọkọ̀ kò bá lọ, Ìyá kò ní wà nínú ewu. Ọ̀rọ̀ parí.

Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ náà le, ó sì ń gún un. Kínìyẹn ń tiro. Gbẹ̀ngẹ́-gbẹ̀ngẹ́. Gbẹ̀ngẹ́-gbẹ̀ngẹ́.

Màmá Àgbà bi í pé ṣé ẹsẹ̀ ló ń dùn ún ni àbí ijó tuntun. Kínìyẹn ní ijó tuntun ni. Màmá Àgbà ní ijó náà kò dára.

Bàbá jáde. Ó na ọwọ́ sí ìṣó. Òfo.

Ó wo inú àpò rẹ̀. Òfo. Ó wo inú fìlà rẹ̀. Òfo. Ó wo abẹ́ ìkòkò. Ìyá bi í pé ìgbà wo ló ti ń wa ìkòkò.

Aǹtí Jẹ́jẹ́ dúró lórí afárá títí, kò rí ẹnikẹ́ni. Ó fẹsẹ̀ rìn wá sílé. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá Àgbà, ó sì bá wọn wá kọ́kọ́rọ́.

Kínìyẹn náà ń bá wọn wá a. Gbẹ̀ngẹ́-gbẹ̀ngẹ́.

Ni fóònù Aǹtí Jẹ́jẹ́ bá dún.

Tìrín-tìrín. Tìrín-tìrín.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn ọmọdé kan jáde. Ohùn náà kéré, ó ń gbọ̀n.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi já láti orí àkàbà. Kò lè dìde. Ṣé ọkọ̀ wa ti ń bọ̀?"

Ọmọ káfíńtà apá Ẹja ni.

Aǹtí Jẹ́jẹ́ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kó má fa bàbá rẹ̀ dìde. Kó jókòó tì í. Kó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọkọ̀ ń bọ̀.

Aǹtí Jẹ́jẹ́ gbójú sókè, ó wo Bàbá. Bàbá wo ìṣó. Òfo ṣì ni.

Kínìyẹn wo bàtà rẹ̀.

Ọmọ yẹn pè é ní ọkọ̀ wa. Ohùn rẹ̀ dà bí ohùn Kínìyẹn gan-an. Kọ́kọ́rọ́ inú ìbọ̀sẹ̀ wá gbóná bí ẹyin iná.

Kínìyẹn jókòó sílẹ̀. Ó bọ́ bàtà. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ó kúnlẹ̀.

"Òun nìyí, Bàbá."

Bàbá gbà á. Kò sí àyè ìbáwí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé kọ́kọ́rọ́ náà fún Aǹtí Jẹ́jẹ́.

"Ó di ọwọ́ yín."

"Ó ti dé ọwọ́ wa, ẹ̀gbọ́n."

Ọkọ̀ ṣí. Iná búlúù tàn. Wìì-wọ̀ọ̀! Wìì-wọ̀ọ̀! Ó gun afárá, ó kéré, ó tún kéré sí i, ó lọ.

Ìgbà yẹn ni omijé Kínìyẹn tó bọ́. Ó sọ ohun gbogbo. Ó sọ ti afárá tó gùn. Ó sọ ti ikùn Ìyá. Ó sọ ti àyà tó ń lù.

Ìyá fà á mọ́ra. Ọmọ inú ikùn ta ẹsẹ̀, gbùn-ún, bí ẹni pé òun náà ní ọ̀rọ̀ láti sọ.

Bàbá kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bi í pé, ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ọkọ̀ fi sùn sí apá Igi, báwo ló ṣe rò pé ọkàn ọmọ káfíńtà yẹn rí?

Kínìyẹn ronú. Ó ronú títí.

"Àyà tiẹ̀ náà ń lù gbì-gbì," ló wí.

Ní ọ̀sán, Aǹtí Jẹ́jẹ́ padà wá. Káfíńtà ti wà ní ilé ìwòsàn, wọ́n ti di ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú nǹkan funfun líle kan, ó sì ti ń bèèrè òòlù rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ jókòó tì í, ó ń jẹ búrẹ́dì.

Kínìyẹn bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Aǹtí Jẹ́jẹ́ ní òun kò bínú, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ pàjáwìrì kì í ṣe ohun ìṣeré láéláé. Kínìyẹn mi orí. Ó ti yé e.

Ìbéèrè kan ṣì kù lẹ́nu rẹ̀. "Aǹtí, tí ìyá mi bá fẹ́ bímọ lọ́sẹ̀ tiyín, ṣé ẹ máa wá?"

Aǹtí Jẹ́jẹ́ tọrọ fóònù Ìyá. Ó mú Kínìyẹn lọ́wọ́ lọ síbi ọkọ̀, ó fi nọ́ńbà gàgàrà kan hàn án, láàárín igi àti ẹja. Nọ́ńbà kan náà ni fún apá méjèèjì, fóònù awakọ̀ tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ló sì máa ń dún.

Ó kọ́ ọ bó ṣe máa tẹ̀ ẹ́. Ó kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ.

Sọ ẹni tí o jẹ́.
Sọ ibi tí o wà.
Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.
Má pa fóònù.

Kínìyẹn sọ ọ́ di orin. Ó kọ ọ́ fún adìẹ. Ó kọ ọ́ fún ológbò. Ó kọ ọ́ fún Màmá Àgbà títí Màmá Àgbà fi ní òun ti gbọ́, àwọn aládùúgbò ti gbọ́, ẹja inú odò pàápàá ti gbọ́.

Nígbà tó yá, lọ́sẹ̀ yẹn náà, oòrùn mú dáadáa. Bàbá wà ní ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ṣe, níbi tó ti ń ṣèrànwọ́ lọ́sẹ̀ tí kò bá wa ọkọ̀. Ìyá ń rán aṣọ.

Kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀, ni máṣínnì ń ké.

Kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Kẹ̀kẹ̀. Kẹ̀.

Ó dákẹ́.

Ìyá di etí tábìlì mú. Ó rọra mí. Ó ní kí Kínìyẹn pe Màmá Àgbà.

Màmá Àgbà sá wọlé láti ibi tó ti ń sá aṣọ. Ó wo Ìyá lẹ́ẹ̀kan, ó mọ̀. Ó gbé fóònù, kò rí nọ́ńbà. Ó ń wá awò ojú rẹ̀, awò ojú rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀.

Kínìyẹn gba fóònù.

Ó tẹ̀ ẹ́. Tì. Tì. Tì. Tì.

"Èmi ni Kínìyẹn. A wà ní ilé awakọ̀ apá Igi. Ìyá mi fẹ́ bímọ báyìí."

Kò pa fóònù.

"Mo ti gbọ́, Kínìyẹn," ni ohùn Aǹtí Jẹ́jẹ́ dáhùn. "A ti gbéra."

Kínìyẹn dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó wo afárá. Kò sí nǹkan kan.

Ó wo afárá. Kẹ̀kẹ́ kan ló ń kọjá.

Ó wo afárá. Lọ́nà jíjìn réré, láti apá Ẹja, ó gbọ́ ọ, ó kéré bíi ti ẹ̀fọn.

Wìì-wọ̀ọ̀.

Lẹ́yìn náà ó tóbi díẹ̀. Wìì-wọ̀ọ̀!

Lẹ́yìn náà ó kún gbogbo àdúgbò. WÌÌ-WỌ̀Ọ̀! WÌÌ-WỌ̀Ọ̀!

Ọkọ̀ funfun náà dé. Bẹ́ẹ̀dì tó ní táyà jáde. Aǹtí Jẹ́jẹ́ jáde. Nọ́ọ̀sì kan jáde, ọwọ́ rẹ̀ yá, ohùn rẹ̀ tutù. Wọ́n gbé Ìyá sínú ọkọ̀ bí ẹni gbé ẹyin.

Màmá Àgbà wọlé. Kínìyẹn wọlé. Ó di ìgbànú mọ́ra, tàkà.

Lẹ́sẹ̀ afárá, ẹnì kan ń sáré bọ̀, ó ń ju ọwọ́. Bàbá ni. Wọ́n ti pè é. Gírísì wà lójú rẹ̀, gírísì wà lọ́wọ́ rẹ̀, bàtà kan ti bọ́ nù. Ó fò wọlé.

Ó na ọwọ́ sí Ìyá. Ìyá ní ọwọ́ yẹn dọ̀tí jù. Ó sì dì í mú gírígírí, kò jù ú sílẹ̀ mọ́.

Ọkọ̀ gun afárá. Ó ń sáré, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ ló fi ń sáré. Ó dé àárín gbùngbùn.

Nọ́ọ̀sì ní kí Aǹtí Jẹ́jẹ́ dúró. Ọmọ yìí kò ní dúró de ilé ìwòsàn.

Ọkọ̀ dúró. Kínìyẹn àti Màmá Àgbà bọ́ sílẹ̀, wọ́n dúró ti ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti apá Igi dúró. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti apá Ẹja dúró. Pàáǹ! Pàáǹ! Pàáǹ!

Kínìyẹn di ojú. Àyà rẹ̀ lù. Gbì-gbì. Gbì-gbì. Màmá Àgbà ń gbàdúrà lábẹ́ ètè.

Ni ohùn tuntun kan bá jáde nínú ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ ohùn náà rí láyé.

Ùwáà! Ùwáà! Ùwáà!

Kínìyẹn la ojú. Kò bèèrè bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin.

"Ìyá mi ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì ṣí ilẹ̀kùn. Ìyá wà níbẹ̀. Òógùn bò ó, irun rẹ̀ ti tú, ó sì rẹwà ju ẹnikẹ́ni lọ lórí ilẹ̀ ayé. Ọmọ pupa kékeré kan wà láyà rẹ̀. Ọkùnrin ni. Bàbá ń sunkún, ó ní gírísì ló wọ òun lójú.

Ariwo ayọ̀ sọ lórí afárá. Àwọn ènìyàn bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Ìyá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún nọ́ọ̀sì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Aǹtí Jẹ́jẹ́. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́ fún ọmọbìnrin tó tẹ fóònù.

Ìgbà náà ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin kan tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní ọmọ apá Ẹja ni ọmọ yìí, ṣebí táyà iwájú ti kọjá àárín afárá. Ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ kan ní irọ́ ni, ọmọ apá Igi ni, ṣebí táyà ẹ̀yìn kò tíì kọjá. Ẹnì kan ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀. Ẹnì kan ní kó tún un wọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tóbi jù. Ẹ̀rín ń pa wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gbà fún ara wọn.

Ìyá gbé orí sókè.

"Ẹ jẹ́ kó sùn ná," ló wí.

Gbogbo wọn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kínìyẹn padà wọlé. Ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì. Ó na ìka kan sí ọmọ náà. Ọmọ náà dì í mú, ó pa ojú dé.

Aǹtí Jẹ́jẹ́ na ọwọ́, ó pa fèrè. Kò sí wìì-wọ̀ọ̀ mọ́.

Ọkọ̀ akẹ́rù rọra yà sí ẹ̀gbẹ́. Kò sí pàáǹ. Ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lé èjìká, kí agogo rẹ̀ má bàa dún.

Ará apá Igi tò sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ará apá Ẹja tò sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Wọ́n fi ìka lé ètè.

Ọkọ̀ funfun náà sì kọjá láàárín wọn, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, kò sí ẹni tó jí ọmọ náà.